Ta Ló Pa Dikódà?

Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀, dikódà ni a tètè ń kéde ikú rẹ̀ jù. Kí àwòrán ṣáà ti dákẹ́ lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ńlá wà, ariwo á ti sọ pé dikódà ti lọ. Ẹni tó rówó a ra òmíràn. Ẹni tí kò rí a gbé tirẹ̀ há abíyá, ó di ọ̀dọ̀ ẹ́ńjíníà. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì ẹ́ńjíníà yẹn: kí ló ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ gan-an, èwo ló ṣeé tún ṣe, èwo ni ẹ̀tàn, èwo sì ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ yege gbọ́dọ̀ dá padà fún oníǹkan láìgba kọ́bọ̀. Èrò tèmi kò fara sin. Lọ́dọ̀ wa, iná ló ń pa dikódà ju ohunkóhun lọ, ooru ló tẹ̀ lé e, síbẹ̀ ibi tí kò kan iná tí kò kan ooru ni ọ̀pọ̀ atúnṣe ti ń fi àyọ́ọ̀nù tú nǹkan.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá dikódà ló jẹ̀bi. Sátẹ́láìtì tó ń gbé ètò wá wà lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, ní nǹkan bíi 35,786 kìlómítà sí ilẹ̀, níbi tó ti ń bá ayé yí lọ́gbọọgba débi pé lójú wa ṣe ló dúró gbári. Èyí tí DStv ń lò fún ìhà ọ̀dọ̀ wa wà ní ìwọ̀n 36 ní ìlà-oòrùn, ìdí nìyí tí gbogbo àwo dííṣì àdúgbò fi kọjú síbì kan náà bí àwọn tó fẹ́ kírun. Ìgbì tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ wà láàárín gígáhéètìsì 10.7 sí 12.75. Wáyà kò lè gbé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà kó má tán lójú ọ̀nà, nítorí náà LNB, ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí apá dííṣì, a kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí mẹ́gáhéètìsì 950 sí 2,150 kó tó rán an wọlé. Wáyà yìí kan náà ni dikódà fi ń bọ́ LNB lóúnjẹ: fọ́ọ̀tì 13 bó bá fẹ́ ìgbì tó dúró lóòró, fọ́ọ̀tì 18 bó bá fẹ́ èyí tó wà ní ìbú, àti ohùn kìlóhéètìsì 22 lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì bó bá fẹ́ ìdajì òkè nínú ìgbì náà. GOtv kò sí nínú èyí, nítorí orí òpó tó wà nílẹ̀ ló ti ń gba tirẹ̀, àmọ́ yàtọ̀ sí ti LNB, ohun tó ń pa òun náà kò yàtọ̀.

Bí omi òjò bá wọ ẹnu wáyà níta, tí irin àárín rẹ̀ dípẹtà, dikódà tó pé pérépéré á jókòó sí pálọ̀ láìrí nǹkan kan gbà. Nọ́ńbà E48-32 tó ń yọ síta fún àwọn oníbàárà DStv kò sọ ju pé ìgbì kò dé. Kò sọ ẹni tó dí ọ̀nà. E16 ní tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù, kò sì sí àyọ́ọ̀nù tó ń wo gbèsè sàn. Òjò tó pọ̀ á gbé ìgbì mì fúngbà díẹ̀. Lásìkò tí ọ̀sán àti òru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń bọ́ sẹ́yìn sátẹ́láìtì gẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, tí ariwo tirẹ̀ á sì bo ìgbì mọ́lẹ̀. Dikódà Sky tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù náà ò bàjẹ́: ìtànṣán tó ń gbé àwọn ètò Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn sílẹ̀ kò dé Èkó ni. Mo ti rí irú rẹ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ lórí tábìlì, tí wọ́n ń wá ohun tí kò sọnù.

Ìdánwò tó dára jù níbí kò náni ní nǹkan kan. Ẹ gbé dikódà lọ sílé aládùúgbò tí tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wáyà tirẹ̀ sí i. Bó bá mú àwòrán wá, orí òrùlé ni iṣẹ́ wà.

Bó bá wá jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ń gba iná. Àwọn dikódà ìgbà yìí pọ̀ tó jẹ́ adápútà fọ́ọ̀tì 12 ni wọ́n ń lò, èyí sì ti mú nǹkan rọrùn: ẹ fi mítà wọn ẹnu adápútà, ẹ sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń fa dikódà, nítorí adápútà tó ti rẹ̀ lè pe 12 nígbà tí kò ru nǹkan kan, kó wá ṣubú sí 9 tí ẹrù bá dé. Àwọn tó ń gba iná tààrà láti ara ògiri ni àrùn wọn pọ̀. Iná á gba fíúsì wọlé, á dé ọ̀dọ̀ ohun pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi ara rẹ̀ dí iná gíga, á gba àárín dáyódì mẹ́rin kọjá, á sì kó jọ sínú kapásítọ̀ ńlá tí wọ́n kọ fọ́ọ̀tì 400 sí lára. Láti ibẹ̀, áísíì kékeré kan á máa pa iná náà, á máa tún un tàn, lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sínú tíránsífọ́mà, kó tó di fọ́ọ̀tì 3.3, 5, 12 àti nǹkan bíi 20 tí pánẹ́ẹ̀lì ìyá ń lò.

Iná ògiri wa ni wọ́n pè ní fọ́ọ̀tì 230. Bó bá ti kọjá dáyódì, ó di nǹkan bíi 325 nínú kapásítọ̀ ńlá yẹn, kapásítọ̀ 400 sì lè gbé e. Ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wáyà aláìníná, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní níútírà, bá já lórí òpó. Nígbà náà ilé tó ń jẹ fọ́ọ̀tì 230 lè bá ara rẹ̀ láàárín fééṣì méjì, kí iná sì gun òkè lọ sí ìhà 415. Lẹ́yìn dáyódì, ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 590. Kapásítọ̀ á bú, dáyódì á pàdé ara wọn, áísíì á fọ́ sí méjì lójú ẹni. Àwọn tó ń pín iná ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì láti 2005, ẹnu wa ṣì ń pè wọ́n ní NEPA, òpó kan náà ni wáyà sì ṣì wà.

Nítorí èyí ni ẹ́ńjíníà gidi fi ń bi ìbéèrè kó tó tú bóòtù kan. “Màámi, báwo ni iná ṣe rí kó tó kú?” “Ọmọ mi, ṣe ni gbogbo gílóòbù ilé funfun báláú, fáànù ń sáré bí ẹni pé ó fẹ́ fò.” Ẹni tó gbọ́ ìdáhùn yìí ti mọ̀ pé ẹ̀yìn fíúsì ni iṣẹ́ wà, kò sì ní fọwọ́ kan apá ibi tí ìgbì ń gbà wọlé. Mo máa ń bínú sí atúnṣe tí kì í béèrè. Wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ kí oníbàárà rò pé àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Fíúsì kì í sábà kú lásán. Bí gíláàsì rẹ̀ bá dúdú bíi èédú, nǹkan kan ti pàdé ara wọn nínú: ó lè jẹ́ dáyódì, ó lè jẹ́ áísíì, ó lè jẹ́ ohun búlúù yẹn tó ti fi ara rẹ̀ rúbọ. Bí gíláàsì bá mọ́, tí irun àárín rẹ̀ kàn já, ó lè jẹ́ pé ó ti gbó ni. Ẹni tó kàn fi irun wáyà kan di fíúsì tó dúdú ti gba owó lọ́wọ́ oníǹkan láti dáná sun ilé rẹ̀. Àwọn míì á rí i pé ohun búlúù ti là, wọ́n á gé e sọnù, wọ́n á fi fíúsì tuntun sí i, dikódà á sì tàn. Kò burú fún ọjọ́ náà. Àmọ́ nígbà tí níútírà bá tún já, kò ní sí ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ka gígé lásán láìfi òmíràn rọ́pò rẹ̀ sí àbọ̀ iṣẹ́.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn àgbà oníṣẹ́ rédíò fi lé wa lọ́wọ́, tí n kò sì rí èyí tó dára jù ú lọ. Wọ́n á so gílóòbù ayé àtijọ́, ti 60 tàbí 100 wáàtì, mọ́ ojú ọ̀nà iná kó tó dé dikódà. Bí gílóòbù bá kọ fìrí tó sì rẹlẹ̀, kò sí ibi tó pàdé ara wọn. Bó bá tàn yòò tó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ yọ dikódà kíá, àrùn ṣì wà nínú rẹ̀, áísíì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà kò sì bá a lọ. Wàhálà tó kù ni pé gílóòbù onírun ti ń wọ́n lọ́jà, ti ìgbàlódé tí kì í jẹ iná kò sì ṣeé lò fún èyí. Ẹ sì má gbàgbé pé fọ́ọ̀tì 325 ṣì lè wà nínú kapásítọ̀ ńlá lẹ́yìn tí ẹ ti yọ dikódà lára ògiri. Irin ìtúbóòtù ni àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn láti fi pa iná yẹn, nítorí ó ń dún gbàù. Gílóòbù tàbí rẹ̀sísítọ̀ ló tọ́, kò ní ariwo, kò sì ní ba pánẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Ọmọńlé àti aáyán náà ní ìpín tiwọn. Inú dikódà móoru, wọ́n ń wọ ibẹ̀ sùn lálẹ́. Nígbà tí ọmọńlé bá gba orí ẹsẹ̀ áísíì méjì tí fọ́ọ̀tì 325 wà láàárín wọn kọjá, òun àti dikódà á jọ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni iná ń dà láàmú nílẹ̀. Sátẹ́láìtì Nàìjíríà, NigComSat-1, tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ṣáínà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, kú lójú òfuurufú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ohun tó ń fa iná láti ara oòrùn fún un ló bàjẹ́. Oṣù kejìlá ọdún 2011 ni èyí tó rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, gbéra. Ti àkọ́kọ́ yẹn náà, ibi tó ń gba iná ló kọ́kọ́ lọ.

Bí kì í bá ṣe iná ló pa dikódà lójijì, ooru ló ń pa á díẹ̀díẹ̀, àwọn kapásítọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́yìn tíránsífọ́mà ló sì ń jìyà rẹ̀. Omi kan wà nínú wọn tó ń gbẹ. Èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n 105 sí lára lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe láti lo wákàtí 2,000 nínú ooru bẹ́ẹ̀; bí ooru bá sì ti ń fi ìwọ̀n 10 lọ sílẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ á máa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí inú dikódà bá ń gbóná tó ìwọ̀n 75, wákàtí 16,000 ni, ìyẹn bíi oṣù méjìlélógún bí a kò bá yọ ọ́ lára ògiri rárá. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n 65, ó di wákàtí 32,000, ó lé ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Ìwọ̀n mẹ́wàá péré ló wà láàárín méjèèjì. A wá gbé dikódà lé orí àmúpílífáyà tó ń gbóná, a fi aṣọ kùrọ̀ṣẹ́ẹ̀tì bò ó kó lè dùn ún wò, eruku ọyẹ́ dí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Rìmóòtù tí a fi ń pa á lálẹ́ kò sì fún apá tó ń gba iná ní ìsinmi. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àmì kapásítọ̀ tó ti ń gbẹ pọ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi láti gbọ́ bí àwọn oníǹkan ṣe ń sọ ọ́. “Bọ̀dá ẹ́ńjíníà, ó di ìgbà tí mo bá tàn án sílẹ̀ fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó jí.” Òótọ́ ni: kapásítọ̀ tó ti gbẹ máa ń ṣòro jù nígbà tó bá tutù, bó bá gbóná díẹ̀ ara rẹ̀ á yá. Òmíràn á máa tàn, á máa kú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí fọ́ọ̀tì 3.3 ń ṣubú nígbàkigbà tí áísíì ìyá bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Òmíràn iná iwájú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú pẹ̀lú ìdún ták-ták. Bí orí kapásítọ̀ bá wú, ẹjọ́ ti tán. Àmọ́ kí orí rẹ̀ tẹ́jú kò dá a láre. Mítà tó ń wọn bó ṣe ń dènà iná nínú ara rẹ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́, irú mítà bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n mọ́. Atúnṣe tó bá ń ṣe dikódà lójoojúmọ́ láìní i ń méfò ni.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń pẹ́: òun ni iṣẹ́ tó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọjà ló ń ba á jẹ́. Ní Alaba àti Ogunpa, kapásítọ̀ wà tí wọ́n kọ màíkírófárádì 1,000 sí lára, tí mítà sì ń pe ìdajì rẹ̀. Wọ́n fi kékeré sínú agolo ńlá. Èyí tí wọ́n yọ lára pánẹ́ẹ̀lì tókúnbọ̀ lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ó ti lo ọjọ́ rẹ̀ nílé ẹlòmíràn. Mo fara mọ́ yíyọ dáyódì, tíránsífọ́mà àti fíúsì láti ara òkú pánẹ́ẹ̀lì. Kapásítọ̀, rárá.

Láti ibi iná, ó kan ibi tí ìgbì ń gbà wọlé. Bí ìdajì ìkànnì bá wọlé tí ìdajì kò wọlé, ẹ yọ wáyà dííṣì, ẹ wọn ẹnu dikódà: ẹ mú ìkànnì òòró, ó gbọ́dọ̀ pe ìhà 13, ẹ mú ti ìbú, ó gbọ́dọ̀ dé ìhà 18. Bó bá pe bẹ́ẹ̀ láìru nǹkan, tó wá ṣubú nígbà tí LNB bẹ̀rẹ̀ sí fà á, áísíì tó ń bọ́ LNB ti rẹ̀, tàbí kapásítọ̀ apá fọ́ọ̀tì 20 ti gbẹ. Èyí ṣeé pààrọ̀. Ohun tí àrá bá bà jẹ́ ni kò sábà ṣeé ṣe. Kò dìgbà tí àrá bá sán lu àwo dííṣì gan-an. Kó sán nítòsí ti tó, iná á gba wáyà wọlé, á jẹ áísíì LNB, á jẹ túnà, nígbà míì á dé ọ̀dọ̀ áísíì ìyá. Bí òjò bá ṣú, àwọn èèyàn máa ń yọ iná lára ògiri, wọ́n á fi wáyà dííṣì sílẹ̀ sẹ́yìn dikódà. Ẹnu ọ̀nà tí àrá ń gbà gan-an ni wọ́n ṣí sílẹ̀ yẹn.

Àwọn kéékèèké ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Káàdì tí kò ṣeé kà: ẹ fi sípíríìtì nu ojú góòlù rẹ̀ àti àwọn ehín tó ń fara kàn án nínú dikódà. Àwòrán tí kò gba HDMI wá, tó sì ń gba wáyà AV wá: áísíì HDMI tàbí ẹnu ihò rẹ̀ ni, a sì lè máa lo AV lọ bẹ́ẹ̀. Rìmóòtù tí dikódà kò dá lóhùn: ẹ kọjú rẹ̀ sí kámẹ́rà fóònù kí ẹ tẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá rí iná, rìmóòtù ń sọ̀rọ̀, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà níwájú dikódà ni kò gbọ́.

Ibi tí ẹ̀tàn pọ̀ sí jù ni áísíì ìyá. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi irin yíyọ́ so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, ní àwọn kóró tín-tìn-tín tí ojú kò rí. Láti 2006 tí òfin Yúróòpù ti lé òjé kúrò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ le ju òjé lọ, ó sì lè là bí ooru àti òtútù bá ń pààrọ̀ lára rẹ̀. Òótọ́ nìyẹn. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n fẹ́ sí i lórí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ti wò ó sàn. Á tàn, oníǹkan á dúpẹ́, á sanwó, á sì padà wá kí oṣù tó parí. Iṣẹ́ tó tọ́ ni kí wọ́n yọ áísíì náà, kí wọ́n to kóró tuntun sí abẹ́ rẹ̀, ìnáwó rẹ̀ sì sábà máa ń ju iye dikódà lọ. Ẹni tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbowó láìsọ èyí fún oníbàárà ń ta òkú kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ìrántí inú ẹ̀rọ náà jọ ọ́. Bí iná bá lọ nígbà tí dikódà ń gba sọ́fítíwíà tuntun, ó lè jí kó má mọ orúkọ ara rẹ̀. Nínú àwọn dikódà tí kò béèrè owó oṣù, a lè yọ áísíì ìrántí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà, kí a fi ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan sínú áísíì kọ ẹ̀dà tó pé sínú rẹ̀. Nínú dikódà àwọn tó ń ta ìkànnì, áísíì ìyá a máa yẹ òǹtẹ̀ sọ́fítíwíà wò kó tó gbà á, ẹ̀dà tí wọ́n kó láti ara dikódà ẹlòmíràn kì í sì ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ò tẹ àwòrán wáyà inú wọn síta fún ẹni tó wà níta, nítorí náà ohun tí atúnṣe mọ̀ nípa wọn, àfojúdá àti ìrírí ló ti wá.

Ìdí rèé tí pípààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ìyá, tó dà bí ọ̀nà àbùjá, fi ń bí ìjà láàárín atúnṣe àti oníǹkan. Dikódà á tàn, àwòrán kò ní wọlé, nítorí káàdì rẹ̀ ti so mọ́ nọ́ńbà tó wà nínú áísíì ti àkọ́kọ́. Kí a tó ná kọ́bọ̀ lé e, kí a pe ilé-iṣẹ́ náà, kí a bi wọ́n bóyá wọ́n á so káàdì àtijọ́ mọ́ nọ́ńbà tuntun. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ẹ́ńjíníà yọ apá tó ń gba iná kúrò nínú òkú náà, kó san owó rẹ̀ fún oníǹkan, kó sì gbé e pamọ́ de dikódà tí níútírà bá tún já lé lórí.